Imú Ìyá Àgbà Nínú Ilé Pọ̀tétò

                                                  Ilé Saucier,
                                                  Ojú Ọ̀nà Ẹ̀yìn Odò,
                                                  Saint-Amédée, Maine.
                                                  Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹwàá, 1986.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Claudine,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá, ẹ kú ìdáwà ìlú àjèjì. Ṣé ara yín le? Ṣé ikọ́ tó ń yọ yín lẹ́nu nígbà tí ẹ kọ lẹ́tà yín ti oṣù kẹfà ti lọ pátápátá? Ṣé ariwo ilé iṣẹ́ irin yẹn ò tíì sọ yín di adití? Ìyá onílé yín ńkọ́, èyí tí ẹ ní ó máa ń fi igi ìgbálẹ̀ kan àjà nígbàkígbà tí ẹ bá rìn nínú yàrá? Mi ò rí i rí, mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí, síbẹ̀ mo ti ń sín in jẹ. Ohùn adìẹ tó fẹ́ yé ni mo fún un. Tí mo bá ṣì í, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé kí n tún un ṣe.

Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Bàbá Àgbà wà. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò sì gbà pé ó ń dùn wọ́n, wọ́n ní àtẹ̀gùn ilé ló ti ga sí i. Ológbò wà, ó ti sanra bí ìrọ̀rí. Alcide wà, ó ṣì ń wa katakata, ó ṣì ń ṣépè fún òkúta. Èmi náà wà. Ṣé ẹ rí i pé mo ti kí yín tán lórúkọ gbogbo ilé, tí yíǹkì ò sì tíì gbẹ? Nígbà tí Ìyá Àgbà ṣì wà, tí ẹ̀yin náà ṣì ń sùn ní yàrá òkè, ìkíni nìkan ì bá gba ojú ewé kan.

Ilé ìwé ti wọlé padà lẹ́yìn ìsinmi ìkórè. Gbogbo àwọn ọmọ tí a jọ dúró lórí ẹ̀rọ ìkórè, tí a jọ ń ṣa òkúta kúrò láàárín pọ̀tétò, ti padà síbẹ̀. Bọ́ọ̀sì wọn máa ń kọjá níwájú ilé wa láàárọ̀. Wọ́n á juwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé, èmi náà á juwọ́ sí wọn, ó parí nìyẹn. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí a ti sin Ìyá Àgbà, bí ẹni tó ń lọ gba abẹ́rẹ́ ni mo ṣe ń lọ sí ilé ìwé, ìgbà tó bá wù mí. Ọ̀gá ilé ìwé wá sílé nítorí ẹ̀. Ó jókòó sórí àga ilé ìdáná, ó fa ìgbànú sókè lórí ikùn, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Saucier, ọmọ yìí lọ́pọlọ, àmọ́ ó ń fi ọpọlọ náà ṣòfò." Bàbá Àgbà ní, "Mo gbọ́." Bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe yí igun báyìí ni mo jókòó sórí àga kan náà, mo fa ìgbànú sókè lórí ikùn tí mi ò ní, mo tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan bí ó ṣe ń fi imú mí. Ìyá Àgbà ì bá ti rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Bàbá Àgbà ní kí n lọ kó igi wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nílé yìí mọ́. Mo lè ṣe ohùn gbogbo ìlú yìí tán látorí Fádà dórí ajá Dubé aládùúgbò wa, kò sí ẹni tí mo fẹ́ ṣe é fún. Ológbò ni mo ń ṣe é fún. Ó máa ń wò mí bí ẹni tó ti sanwó wọlé, tí eré náà ò sì dùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún yín lẹ́rìn-ín díẹ̀, kí n tó sọ ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé. Nígbà ìkórè, Bàbá Àgbà ra rédíò sínú katakata àti sínú ọkọ̀ akẹ́rù, kí àwọn lè máa bá Alcide sọ̀rọ̀ láti òkèèrè. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ló ń gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sítòsí mi? Lọ́jọ́ kan, òkúta há sẹ́nu ẹ̀rọ, Alcide sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè, èpè tí èèyàn lè fi lé ẹṣin. Mo wọ inú ọkọ̀ akẹ́rù lọ, mo mú ẹnu rédíò, mo sọ ohùn kalẹ̀ bíi ti Fádà Lagacé nígbà tí wọ́n bá ń kéde pé ẹnì kan ti kú. Mo ní, "Alcide, ọmọ mi. Mo ń gbọ́ ọ."

Katakata dúró. Gbogbo wa rí Alcide tó ṣí fìlà. Ó ní, "Ẹ má bínú, Fádà. Òkúta ni."

Mo ní, "Òkúta wo nìyẹn, ọmọ mi?"

Ó ní, "Òkúta inú oko Onésime ọ̀gá mi ni, Fádà. Ó pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ mi lọ."

Àwọn ọmọ orí ẹ̀rọ ti ń yí gbiri nílẹ̀. Ibi tí mo ti bà á jẹ́ ni pé mo ní kó lọ ra súìtì fún gbogbo ọmọ tó wà lórí ẹ̀rọ, kí Ọlọ́run lè dárí jì í. Ó yí ọrùn padà, ó rí mi. "Réjean! Ìwọ ọmọ burúkú yìí!" Ó ń fi pọ̀tétò sọ mí káàkiri oko. Èyí tó bà mí létí, mo ṣà á, mo sè é jẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ìgbà tí ẹ̀rín ṣì wà nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ni òjò bẹ̀rẹ̀, kò sì dá. Oko ìsàlẹ̀, èyí tó wà létí odò, ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ní àmì dúdú dúdú. Bàbá Àgbà rí i, wọ́n já ewé náà, wọ́n fi í sínú àpò wọn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ewé dúdú túmọ̀ sí lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi gbẹ tó èyí tí ẹ̀rọ lè wọ̀, rédíò ti ń kéde pé òtútù tó ń di yìnyín ń bọ̀. A ò lè dúró. Alcide ń sá eré ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀rọ sì ń gé pọ̀tétò, ó ń bó wọn lára, ó ń sọ wọ́n mọ́ra. Mo dúró lórí ẹ̀rọ náà, mo rí i tí wọ́n ń kọjá níwájú mi, àwọn kan dà bí ẹni tó jáde látinú ìjà ilé ọtí. Báyìí ni wọ́n ṣe wọlé. Ọgbẹ́ wà lára èyí tó pọ̀, àrùn sì wà lára díẹ̀ nínú wọn, wọ́n jọ dà papọ̀ sínú ilé kan ṣoṣo.

Ẹ mọ bí a ṣe máa ń ṣe é. Tí pọ̀tétò bá ti wọlé tán, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó jẹ́ kí inú ilé náà móoru díẹ̀, a ó wọ́n omi sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ má gbẹ, kí ọgbẹ́ wọn lè san. Ìgbà tó bá san tán la tó máa jẹ́ kí òtútù wọlé sí wọn díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, Bàbá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò ti ilẹ̀kùn, wọn ò sì ṣí i. Ọwọ́ wọn kàn wà lára rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n lọ pe obìnrin ọ́fíìsì àgbẹ̀.

Mísì Tibbetts lorúkọ rẹ̀. Ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n, ẹ̀yìn yín ló dé. Ó kéré, ó tín-ín-rín, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló máa ń fi "ẹ wò ó" bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ tó fi mú ọ̀bẹ ló sì fi ń ti awò ojú rẹ̀ sókè, débi pé Alcide ò lè mu kọfí rẹ̀, ó ń bẹ̀rù fún ojú olójú. Ó gé pọ̀tétò kan sí méjì lórí tábìlì ilé ìdáná, ó gbé e kalẹ̀ síwájú Bàbá Àgbà.

"Ẹ wò ó, Bàbá. Pọ̀tétò yìí ò kú. Ó ń mí bí èmi àti ẹ̀yin. Inú rẹ̀ pín sí yàrá kéékèèké tí ojú ò lè rí. Àwọn òṣìṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Yàrá tiwọn lọ́tọ̀, yàrá ohun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀. Tí ara pọ̀tétò bá pé, wọn kì í pàdé. Tí ọ̀bẹ bá wọlé, ògiri á wó, wọ́n á pàdé ara wọn, afẹ́fẹ́ á dá sí i. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ojú ibi tí a gé pọ́n, kó sì wá dúdú. Oúnjẹ kíkorò nìyẹn jẹ́ fún àrùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èèpo tuntun sábẹ́ ibi tó dúdú náà."

Bàbá Àgbà ń wo pọ̀tétò náà. Ojú rẹ̀ ti ń pọ́n lóòótọ́. Wọ́n ní, "Ta ló pè wọ́n?"

"Ta ni, Bàbá?"

"Àwọn òṣìṣẹ́ yìí. Ta ló sọ fún wọn pé wọ́n ti gé e?"

Mísì Tibbetts rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ dùn ún sín jẹ, ó dà bí ìgbà tí èèyàn da ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, "Ọgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló pè wọ́n. Ibi tó fọ́ máa ń ránṣẹ́ sí ibi tí kò fọ́."

Alcide ní, "Ó sàn ju àwọn àbúrò mi lọ nìyẹn."

Mísì Tibbetts wá sọ ti àrùn. Ó ní tí àrùn bá wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ pọ̀tétò máa ń dìde sí i, ṣùgbọ́n àrùn tó ń sọ pọ̀tétò di omi náà ní òṣìṣẹ́ tirẹ̀, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa yọ́ ògiri àwọn yàrá náà bí ìgbà tí èèyàn ń yọ́ bọ́tà. Eré ìje ni, ó ní, láàárín ẹni tó ń mọ ògiri àti ẹni tó ń wó o. Ìgbóná àti ọ̀rinrin tí ọgbẹ́ fi ń san, òun náà ni àrùn fẹ́ràn. Tí a bá fi òtútù lé àrùn, àwọn tó ń mọ ògiri á sùn lọ, ọgbẹ́ á sì wà ní ṣíṣí títí di ìgbà ìrúwé.

"Ṣé kí n ti ilẹ̀kùn ni, àbí kí n ṣí i?" Bàbá Àgbà bèèrè.

"Tó bá jẹ́ èmi ni, màá tì í. Mi ò lè búra fún yín, Bàbá. Ṣùgbọ́n màá máa gbóòórùn rẹ̀ lójoojúmọ́. Tí òórùn bá ti yí padà báyìí, ẹ wá ibi tó ti ń wá, ẹ kó o jáde, ẹ tan fáànù. Tí ẹ bá tètè mọ̀, ẹ ó gba ìyókù là. Tí ẹ bá pẹ́, gbogbo òkìtì á yọ́ sínú ara rẹ̀."

"Imú ta ni?" Bàbá Àgbà bèèrè.

"Imú yín ni, Bàbá."

Obìnrin náà ò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin mọ̀ pé láti ìgbà ibà yẹn tó ba imú wọn jẹ́, Bàbá Àgbà ò mọ òórùn kọfí yàtọ̀ sí ti epo katakata. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, imú Ìyá Àgbà ló ń ṣọ́ ilé pọ̀tétò. Wọ́n á wọlé láàárọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti da ploye, àkàrà pẹlẹbẹ wa, sórí irin tán, wọ́n á jáde, wọ́n á ní "Ó dáa" tàbí "Kò dáa," Bàbá Àgbà á sì ṣe bí wọ́n ṣe wí. Ìkórè àkọ́kọ́ tí wọn ò sí níbẹ̀ rèé.

Bàbá Àgbà ti ilẹ̀kùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún Alcide níta pé, "Tí ilé yìí bá jẹrà, mi ò gbìn mọ́. Dubé ti ní òun fẹ́ ilẹ̀ náà. Èmi àti ọmọ yìí á kó lọ sọ́dọ̀ Gérard nígboro." Ẹ mọ ilé Bọ̀dá Gérard. Ẹ mọ ìyàwó wọn tó fi ọ̀rá bo gbogbo àga, tí èèyàn ò lè mí kí ìdí rẹ̀ má pariwo. Èmi àti Bàbá Àgbà á máa jókòó lórí ọ̀rá títí a ó fi kú. Tí ẹ bá sì dé nígbà Kérésì, àwọn ọmọ Dubé ni ẹ máa bá ní yàrá yín.

A bẹ̀rẹ̀ sí í wá imú. Alcide kọ́kọ́ wọlé. Ó fa imú títí, ó jáde, ó ní òun ń gbóòórùn tábà. Bàbá Àgbà ní, "Ìwọ fúnra rẹ ló ń rùn, Alcide." Mo wọlé, èmi gbóòórùn iyẹ̀pẹ̀ àti pọ̀tétò, bó ṣe yẹ kí ilé pọ̀tétò máa rùn. Mo wọlé lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Bàbá Àgbà á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á wo ojú mi bí ẹni tó ń wo ojú dókítà. "Ṣé ó dá ọ lójú?" Mo ní ó dá mi lójú. Kò dá mi lójú rárá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé tí nǹkan bá wà níbẹ̀, mi ò mọ bó ṣe máa rùn, mo kàn ń dúró kí nǹkan kan wá pè mí lórúkọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá Bàbá Àgbà tí wọ́n ti fi ìka lé ibi tí wọ́n ti ń tan fáànù. Wọn ò tàn án. Wọ́n mú ọwọ́ kúrò, wọ́n kọjá lára mi bí ẹni tí kò rí mi.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bàbá Àgbà lọ gba oògùn orúnkún, Alcide ń tún ẹ̀rọ ṣe lẹ́yìnkùlé. Mo wọ ilé pọ̀tétò lọ láti wo bó ṣe móoru tó. Ẹ mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń dákẹ́, bí ìgbà tí èèyàn fi ìrọ̀rí di etí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohùn kí ibẹ̀ má bàa dákẹ́ jù. Mo ṣe ọ̀gá ilé ìwé. Mo ṣe Mísì Tibbetts tó ń kọ́ Fádà nípa ẹ́ńsáìmù, Fádà sì ń bi í bóyá ẹ́ńsáìmù ti ṣe ìrìbọmi. Mo rẹ́rìn-ín èmi nìkan, ẹ̀rín náà sì padà wá bá mi láti ara ògiri, mi ò fẹ́ràn bó ṣe dún.

Súwẹ́tà Ìyá Àgbà, eléérú yẹn tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti lu, ṣì wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó gbé e kúrò. Mo wọ̀ ọ́. Èrò mi ni kí n fi dẹ́rù ba Alcide, kí n yọ sí i lójijì kí n fi ohùn Ìyá Àgbà bi í pé pọ̀tétò mélòó ló gé lónìí.

Èmi kì í fi ẹnu nìkan sín èèyàn jẹ, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá ti bọ́ sí i, ohùn á wá fúnra rẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn, mo dúró kí ojú mi mọ òkùnkùn náà bí Ìyá Àgbà ṣe máa ń dúró. Mo ní, "Ó dáa, ẹ̀yin ọmọ, ta ló ń ṣàìsàn?" bí wọ́n ṣe máa ń bi àwọn pọ̀tétò. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo wọ́ ti òsì. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo dé ibi tí ihò afẹ́fẹ́ ti yọ jáde nísàlẹ̀ òkìtì, mo kúnlẹ̀, mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ súnmọ́ ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn, mo fa imú díẹ̀ díẹ̀, bíi ti ehoro.

Ẹ̀gbọ́n mi, òórùn náà wọlé. Ó tín-ín-rín, ó dùn díẹ̀, ó kan díẹ̀, bí ọtí kíkan tí wọ́n da ẹja sí. Mo dìde, mo fa imú bí èmi Réjean, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo tún kúnlẹ̀, mo tún bo ẹnu, òun náà rèé. Mo ti rí i tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti kékeré, mo ti sín in jẹ níwájú àlejò kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé nǹkan kan ni ìkúnlẹ̀ yẹn wà fún. Mo rò pé orúnkún ló ń dùn wọ́n ni.

Ibẹ̀ ni Bàbá Àgbà ti ṣílẹ̀kùn. Ìmọ́lẹ̀ wà lẹ́yìn wọn, mi ò rí ojú wọn dáadáa. Mo kàn rí i pé wọ́n di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Ta ló ní kí o wọ ìyẹn?"

Mo fẹ́ sọ pé ẹ má bínú. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ọwọ́ mi ṣì wà lẹ́nu, ohùn tó sì jáde kì í ṣe tèmi. Mo ní, "Onésime, igun òsì, nísàlẹ̀. Má dúró bí òpó, lọ mú ṣọ́bìrì."

Bàbá Àgbà lọ mú ṣọ́bìrì.

A wa òkìtì náà láti igun òsì, àwa mẹ́ta, a ń fi apẹ̀rẹ̀ kó o. A bá a. Ẹrù oko ìsàlẹ̀ ni. Ó yẹ kó jẹ́ ẹnu ọ̀nà la da ti oko ìsàlẹ̀ sí, kó lè rọrùn láti kó jáde, gbogbo ìlú yìí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí òtútù ń lé wa, Alcide dà á síbi tó ṣófo, a sì da ti oko òkè lé e lórí, kò sí ẹni tó rántí mọ́. Ó ti ń yọ́. Ọwọ́ ń wọnú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ti ọwọ́ bọ ẹ̀kọ gbígbóná. Alcide ò ṣépè rárá. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le. A kó o lọ sí pápá kí yìnyín pa á, a tan fáànù síhà ibẹ̀, a fọ ọwọ́ títí, òórùn náà ò lọ. Bàbá Àgbà gbé ọwọ́ wọn súnmọ́ imú mi, wọ́n ní, "Báwo ló ṣe ń rùn?" Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, "Ẹja. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe máa ń sọ ọ́."

Mísì Tibbetts padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó mú pọ̀tétò láti oríṣiríṣi ibi nínú òkìtì tó kù, ó fi àtàǹpàkò fa ojú ọgbẹ́ wọn bí ẹni tó fẹ́ bó o. Kò bó. Ibi tí ẹ̀rọ ti gé wọn ti gbẹ, ó ti le, ó ti ní èèpo. Ó ní, "Ẹ wò ó, Bàbá! Wọ́n ti parí iṣẹ́ wọn. Ẹ lè máa jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀ báyìí." Inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Ó wá wo igun òsì tó ṣófo. "Ta ló rí eléyìí ní àkókò?"

Bàbá Àgbà ní, "Ìyàwó mi ni."

Ó mọ̀ pé Ìyá Àgbà ti kú, fọ́tò ìsìnkú wọn wà lórí ògiri ilé ìdáná. Ó wò mí. Mo wo bàtà mi. Ó ti awò ojú rẹ̀ sókè, ó ní, "Ẹ bá mi kí wọn, Bàbá. Wọ́n ṣeun."

Nítorí náà, ilé wa ṣì jẹ́ tiwa. Bàbá Àgbà ti ń sọ̀rọ̀ irúgbìn ọdún tó ń bọ̀, wọ́n ní oko ìsàlẹ̀ máa sinmi. Láràárọ̀, wọ́n máa ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ilé pọ̀tétò pẹ̀lú súwẹ́tà yẹn lọ́wọ́. Wọ́n á kàn nà án sí mi. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo ṣe é. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo tún bi àwọn pọ̀tétò pé ta ló ń ṣàìsàn. Nígbà tí mo jáde, Bàbá Àgbà kọ ẹ̀yìn sí mi. Wọ́n ní, "Má lo ohùn rẹ̀ mọ́. Imú rẹ̀ ti tó." Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń ṣe é láìsọ̀rọ̀. Ó le ju bí ẹ ṣe rò lọ, kí èèyàn dákẹ́ bíi ti ẹlòmíràn.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé rèé. Lálẹ́ àná, a ń jẹun, ọbẹ̀ adìẹ àti ploye, Bàbá Àgbà ni wọ́n sè é, ẹ má bèèrè bó ṣe rí. Wọ́n gbé ṣíbí kalẹ̀ lójijì, wọ́n ní, "Ṣe Claudine."

Wọn ò tíì ní kí n ṣe ẹnikẹ́ni rí láyé wọn. Inú mi dùn, mo dìde, mo fi ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo rìn bí ẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ látorí àtẹ̀gùn. Mo la ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo tún gbìyànjú, ohun tó jáde ni, "Réjean! Bàtà rẹ!" bí ẹ ṣe máa ń pariwo mọ́ mi nígbà tí mo ṣì kéré. Ìyẹn nìkan ló kù. Bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ báyìí, bí ẹ ṣe sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú, bí ẹ ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ nígbà tí nǹkan ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, mo wá a títí, mi ò rí i. Bàbá Àgbà ní, "Ìyẹn kọ́," wọ́n sì gbé ṣíbí wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ní ohùn àwọn tó ti kú, mo ní ti àwọn tí mi ò fẹ́ràn, mo ní ti ajá Dubé. Tiyín ló ń bọ́ lẹ́nu mi. Mo mọ̀ pé tẹlifóònù ìyá onílé ni, mo mọ̀ pé á máa kan àjà. Ẹ fi pè wá lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn Máàsì. Kò pọn dandan kí ẹ ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ. Ẹ ka ìwé ìròyìn sí mi létí. Ẹ bú mi nípa ilé ìwé. Tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, èmi ò ní sọ nǹkan kan, mo kàn máa tẹ́tí, kí n lè mú un.

Ọmọ Dubé tó ń bọ̀ wá sí Connecticut lọ́dọ̀ yín máa gbé àpò pọ̀tétò kan fún yín. Bàbá Àgbà ló ṣà á fúnra wọn. Ẹ máa rí ọ̀kan tó ní àpá gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ Alcide ni. Ẹ má jù ú nù, kò ṣe é ní nǹkan kan, ẹ bó o, inú rẹ̀ funfun.

Ẹ bá mi kí ìyá onílé, kí ẹ sì fetí sí i dáadáa nígbà tó bá dáhùn, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ohùn adìẹ ni lóòótọ́. Alcide ní kí n kí yín, ó ní òun kò ṣépè mọ́, ó sì ṣépè bó ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá Àgbà ò ní kí n kí yín. Wọ́n kàn ti gbé àga kan lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifóònù láàárọ̀ yìí, wọ́n ní orúnkún wọn ló fẹ́ jókòó síbẹ̀.

Èmi ni àbúrò yín tó ń tẹ́tí,

Réjean.